Òòyì tó ń kọ́ni lórí ìrọ̀rí: ta ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, mo ti pé ọdún 63. Ó ti lé ní ọdún kan tí òòyì ti ń kọ́ mi. Bí mo bá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí mo gbójú sókè láti mú nǹkan lórí pẹpẹ kíṣìnì, gbogbo yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ, àmọ́ èébì máa ń gbé mi. Wọ́n ti tọ́jú ibà, wọ́n ti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Stemetil àti Stugeron ni mò ń lò lójoojúmọ́, ó ti tó oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ ọ̀tún mi sì ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ní wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé wọ́n á dí ọ̀nà kan pa nínú etí. Mo ní ilẹ̀ kan tí mo lè tà. Ṣé kí n lọ ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ kankan. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ: iṣẹ́ abẹ náà wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí i níbì kankan pé ẹnikẹ́ni tíì dá yín dùbúlẹ̀, kó yí orí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì tẹjú mọ́ ẹyinjú yín. Láìṣe ìyẹn, a ò tíì mọ etí tó ń dà yín láàmú, áńbọ̀sì ká wá sọ pé ká fi abẹ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń yí yàrá. Nínú etí inú, ní ìkọjá ìlù etí lọ́hùn-ún, àpò kékeré kan wà tí àwọn hóró wínníwínní lẹ̀ mọ́. Èròjà kan náà tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì ayé àtijọ́ ló wà nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí ara mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò yìí ni páìpù tóóró mẹ́ta wà, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, omi kún inú wọn, àwọn ló sì ń mọ̀ bí orí bá ń yí. Bí hóró bá já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, tó kó sínú ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí orí ni yóò máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú omi, omi á máa bá a lọ, páìpù á sì máa ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé orí ṣì ń yí nígbà tí ẹ ti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí hóró bá ti balẹ̀ tán, òòyì á lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Páìpù ti ẹ̀yìn ló máa ń gba hóró jù, torí òun ló wà nísàlẹ̀ jù lọ. BPPV ni àwa oníṣègùn ń pè é.

Kí ló ń já hóró? Nígbà púpọ̀, a kì í rí ìdí kan pàtó. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó fi orí gbá nǹkan, ẹni tí àìsàn ti mú etí inú rẹ̀ rí, ẹni tí egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́, ẹni tí fítámì D kò tó lára rẹ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ewu rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá, ẹ máa lo oògùn rẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ìgbà tí èèyàn bá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó dé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí oògùn tí ẹ ń lò, torí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín ká mi lára ju òòyì náà lọ. Stemetil àti Stugeron kò lè gbé hóró kúrò nínú páìpù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń mú kí ọpọlọ má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí etí ń sọ. Fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí èébì bá le, ó dára. Àmọ́ tí àgbàlagbà bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, oògùn méjèèjì lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara máa le gan-an, kí ìrìn máa falẹ̀, irú èyí tí à ń rí lára ẹni tó ní àrùn Parkinson. Láti ibi tí mo jókòó sí, n kò lè sọ pé òun ló ń gbọn ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ fi ọwọ́ yẹn hàn án, kí ẹ bi í bí ẹ ṣe máa jáwọ́ nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ oògùn ló fà á, ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn tí a bá dá a dúró, àmọ́ ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Margaret Dix àti Charles Hallpike ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní London lọ́dún 1952, orúkọ wọn náà la ṣì ń pè é títí dòní. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò, dókítà á yí orí yín sí ọ̀tún díẹ̀, á wá dá yín dùbúlẹ̀ kíá títí orí yín yóò fi rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má di ojú. Bó bá jẹ́ etí ọ̀tún ni, ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan á kọjá tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹyinjú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, á máa lọ́ sí apá etí tó wà nísàlẹ̀, á sì máa ta sókè sí apá iwájú orí. Á le, á rọlẹ̀, á dáwọ́ dúró. Bí dókítà bá ti rí èyí, kò nílò kó máa méfò mọ́: ó ti mọ etí tó jẹ́, ó ti mọ páìpù tó jẹ́. Bí ọ̀tún kò bá ṣe nǹkan kan, á ṣe ti òsì bákan náà.

Bí ẹyinjú bá ti hàn báyìí, ìtọ́jú á tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. John Epley, oníṣẹ́ abẹ etí ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ló gbé e kalẹ̀. Láti ibi tí orí yín wà, wọ́n á fi yín sílẹ̀ títí òòyì á fi dáwọ́ dúró, wọ́n á yí orí sí apá kejì, wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ yẹn dùbúlẹ̀ kí ẹ sì máa wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á tún dúró, lẹ́yìn náà ẹ ó dìde jókòó. Ńṣe ni wọ́n ń darí hóró yípo páìpù náà títí tó fi padà bọ́ sínú àpò tó ti já. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú èèyàn mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́jọ ni ara wọn máa ń yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn kan á ṣì máa sọ fún yín pé kí ẹ sùn ní ìjókòó fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Kò pọn dandan mọ́. Ẹ sùn bó ṣe wù yín.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá iṣẹ́ abẹ kiri kì í gbọ́. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ Epley kò gbà á gbọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé báwo ni èèyàn á ṣe máa yí orí aláìsàn kiri kó sì pè é ní ìtọ́jú. Èrò tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà ni pé hóró lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ibì kan nínú páìpù, pé kò sí bí yíyí orí ṣe lè gbé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, Lorne Parnes àti Joseph McClure ní ìlú London ti orílẹ̀-èdè Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ dí páìpù ti ẹ̀yìn fún àwọn tí òòyì kò fi sílẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1990. Bí wọ́n ṣe ń ṣí páìpù náà, wọ́n fi ojú ara wọn rí àwọn hóró funfun tó ń rìn fàlàlà nínú omi. Wọ́n tẹ ìyẹn jáde lọ́dún 1992, ọdún kan náà tí wọ́n tẹ ìwé Epley lórí bó ṣe ń yí orí aláìsàn. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni hóró ń rìn fàlàlà, a jẹ́ pé èèyàn lè darí rẹ̀ jáde láìgbẹ́ egungun kankan. Iṣẹ́ abẹ ló jẹ́rìí gbe ọwọ́ lásán, ó sì gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Lónìí, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní BPPV, a lè má rí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Dókítà etí lè ṣiṣẹ́ títí dé ìfẹ̀yìntì láìṣe é rí, ní Amẹ́ríkà pàápàá.

Síbẹ̀ ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ abẹ, ẹ sì yẹ lẹ́ni tó ń gbọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n á fún yín ní oògùn akunilóorun. Ẹ fọwọ́ kan egungun tó yọ sókè lẹ́yìn etí yín: ibẹ̀ ni dókítà á là, tá á sì fi dírílì kékeré gbẹ́, tá á máa fi awò ńlá wo ohun tó ń ṣe. Egungun tó bo páìpù le ju èyí tó yí i ká lọ. Dókítà á máa fá a díẹ̀díẹ̀, á máa fẹ́lẹ́ sí i, títí ìlà kan tó ní àwọ̀ aró yóò fi hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ni páìpù. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọ̀. Á ṣí ojú kékeré kan síbẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta ní gígùn àti mìlímítà kan ní ìbú. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi kò gbọdọ̀ kan ojú yẹn, torí bí omi inú rẹ̀ bá fà jáde, ìgbọ́ràn lè bá a lọ. Ìyẹ̀fun egungun tí dírílì ti gbẹ́ jáde ni ọ̀pọ̀ wọn á kó, tí wọ́n á pò mọ́ ohun tó ń lẹ̀, wọ́n á sì fi dí páìpù náà pa. Àwọn míì máa ń lo ìda tí wọ́n ṣe fún egungun. Wọ́n á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n gé lára iṣan òkè etí bò ó, wọ́n á sì rán an. Ó máa ń gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, omi inú páìpù yẹn kò lè rìn mọ́, hóró tó wà níbẹ̀ kò lè ti nǹkan kan. Páìpù mẹ́fà ni gbogbo wa ní, mẹ́ta ní etí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ti fi ọ̀kan sílẹ̀, ọpọlọ á sì kọ́ bó ṣe máa fi márùn-ún tó kù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ìròyìn tí oníṣẹ́ abẹ ti kọ, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí irú òòyì yìí fi wọ́n sílẹ̀.

Kò wá ní ìnira ni? Ó ní. Bí ẹ bá jí, etí yẹn á dà bí ẹni pé ó di, torí inú rẹ̀ ti bínú. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbọ́ràn máa ń padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ àwọn díẹ̀ wà tí kì í padà fún tán, bẹ́ẹ̀ àwọn míì wà tí etí yẹn á kú pátápátá. Ìrìn á máa mì fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ó máa wá ògiri dì mú. Ẹni tó ti lé ní 60 máa ń pẹ́ jù ọ̀dọ́ lọ kó tó rìn gírígírí, ó sì máa ní láti ṣe eré ìdárayá tó ń kọ́ ara láti dúró dáadáa. Ní ọjọ́ orí yín, ìṣubú kan lásìkò yẹn lè ṣẹ́ itan. Èmi kì í fojú kékeré wo ìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ kejì tún wà tó ṣáájú èyí. Richard Gacek ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974: dípò kí wọ́n dí páìpù, wọ́n á gé okùn ìmọ̀lára tóóró tó ń gbé ìròyìn páìpù ti ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Ó dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ okùn náà sápamọ́, kì í wà níbì kan náà lára gbogbo èèyàn, ó sì sún mọ́ ibi tí ìgbọ́ràn wà pẹ́kípẹ́kí. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi sá tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ yín, kó bi í ìdí tí kò fi ní jẹ́ dídí páìpù.

Ta wá ni mo lè sọ fún pé kó lọ ṣe é? Ẹni tí òòyì yìí ti bá fínra fún ọdún kan ó kéré tán, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí kò lè sùn, tí dókítà tó mọ̀ ọ́n ti fi ojú rí ẹyinjú rẹ̀ tó ń fò, ní etí kan náà, páìpù kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà. Tí wọ́n ti yí orí rẹ̀ bó ṣe yẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí kò gbọ́. Tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí etí kejì sì ń gbọ́ràn. Kò sẹ́ni tó ń gbé abẹ wá síbi etí kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń gbọ́ràn. Màmá, ìkíní nìkan ni ẹ tíì dé nínú ìwọ̀nyí, ìyẹn ọdún kan.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé “wọ́n ti yí orí mi, kò gbọ́”, ohun tí mo máa ń rí ni pé etí òsì ni wọ́n tọ́jú nígbà tó jẹ́ ọ̀tún ló ń ṣe é. Tàbí kó jẹ́ pé páìpù ti ẹ̀gbẹ́ ni hóró wà. Yíyí ti Epley kò wúlò fún ìyẹn, bíbìrì gbogbo ara láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń yanjú rẹ̀. Tàbí kí ó má jẹ́ BPPV rárá: irú ẹ̀fọ́rí túúlu kan wà tó máa ń wá gẹ́gẹ́ bí òòyì, bí ẹ bá sì gbẹ́ egungun etí ẹni tó ní in, ẹ fìyà jẹ ẹ́ lásán ni. Ó sì lè jẹ́ pé hóró kúrò lóòótọ́, pé òmíràn ló tún já lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó wọ́pọ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, ó lè tó ìdajì àwọn tí ara wọn ti yá tó tún máa rí i. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kùnà. Ẹ kàn máa padà lọ kí wọ́n tún orí yí ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì D yín wò pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kòríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé fífún àwọn tí tiwọn kéré ní fítámì D àti kálísíọ̀mù ń dín bó ṣe ń padà wá kù.

Ẹ lè rí àwọn tó ń yí orí ara wọn nínú fídíò lórí fóònù. Ẹ má tíì ṣe é fúnra yín títí dókítà yóò fi sọ etí tó jẹ́ fún yín, pàápàá bí ọrùn bá ń dùn yín tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún yín rí. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá wá tí kò dáwọ́ dúró, tí ahọ́n wúwo, tí ẹ̀ ń rí nǹkan ní méjì, tí ẹsẹ̀ tàbí apá kan kò gbọ́ tiyín mọ́, tàbí tí orí fọ́ yín lọ́nà tí kò fọ́ yín rí, ẹ má dúró de ọjọ́ kíliníìkì. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn lè jẹ́ ọpọlọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gba ìwé lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ti Ṣágámù sún mọ́ yín. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lè lọ sí UCH Ìbàdàn. Kí ọmọ yín bá yín sanwó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ dé orí iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan, kó bi oníṣẹ́ abẹ náà iye irú ẹ̀ pàtó yìí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti iye àwọn tí ìgbọ́ràn wọn kò padà wá nínú wọn. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, kó wá ẹlòmíì.

Stemetil àti Stugeron lè bo ẹyinjú mọ́lẹ̀ débi tí dókítà kò ní rí nǹkan kan, nítorí náà, bí ẹ bá ṣì ń lò wọ́n nígbà náà, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè dá wọn dúró fún ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró ní tiyín. Ẹ mú ẹni tó máa wakọ̀ yín padà dání, ẹ má jẹun yó kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì fi gèlè sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn, torí orí gbọ́dọ̀ rọ̀ dáadáa létí bẹ́ẹ̀dì.